Kì í ṣe kámẹ́rà ló ń yí ọkàn padà: ìdáhùn fún ẹ̀ka ìròyìn páríìṣì kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀ka ìròyìn ní páríìṣì wa. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Fádà wa ń wàásù lórí Facebook, àwọn tó ń tẹ̀lé wa sì ti lé ní 30,000. Ṣùgbọ́n fún ọdún kan ààbọ̀, a ò tíì rí ẹnì kan ṣoṣo tó wá sọ pé òun fẹ́ di Kátólíìkì. Ẹnì kan ní ká sanwó, òun á sọ 30,000 náà di 200,000. Àwọn mìíràn ní kí Fádà máa ṣe ìdáǹdè, kí ó máa lé ẹ̀mí èṣù jáde, ní láìfù, lójú ẹsẹ̀ tí gbogbo èrò ń wò ó lórí Facebook. Irú ohun tí Bíṣọ́ọ̀bù Fulton Sheen ṣe ló wù wá, ẹni tó fi tẹlifíṣàn yí àìmọye ènìyàn padà. Kámẹ́rà wo ni ká rà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra kámẹ́rà. Ẹ má sì fún ẹni tó fẹ́ bá yín wá èrò ní kọ́bọ̀. Èrò tí irú wọn ń tà kì í ṣe ènìyàn gidi. Orúkọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ to jọ ni, kò sí ọkàn kankan lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbà là. Ó tún ń ṣe ibi mìíràn. Bí Fádà bá gbé fídíò jáde, díẹ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀lé yín ni Facebook máa ń kọ́kọ́ fi hàn, kí ó lè mọ̀ bóyá wọ́n á wò ó. Bó bá jẹ́ orúkọ òfìfo ló pọ̀ nínú wọn, kò sẹ́ni tó máa wò ó, fídíò náà á sì kú síbẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń wá ìtùnú ní Ìkòròdú. Owó yín ni wọ́n máa fi ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa Sheen ló ká mi lára ju ti oníjìbìtì yẹn lọ, nítorí mo ń gbọ́ ọ lọ́tùn-ún lósì: pé oníwàásù á dúró níwájú kámẹ́rà, á sọ̀rọ̀, ọkàn á sì yí padà. Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ àti oṣù.

Sheen bẹ̀rẹ̀ ìwàásù orí rédíò ní Amẹ́ríkà ní 1930. Ètò tẹlifíṣàn rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kejì 1952. Nígbà yẹn, díẹ̀ nínú àwọn tó lórúkọ jù lọ lára àwọn tó mú wá ti wọ Ìjọ Kátólíìkì tipẹ́. Louis Budenz jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn àwọn Kọ́múníìsì ní New York. Inú ìdílé Kátólíìkì ni wọ́n bí i sí, ó sì ti kọ Ìjọ sílẹ̀. Ó ń fi ìwé ìròyìn rẹ̀ ta ko Sheen. Sheen ní kí ó wá, kí àwọn jọ jẹun. Nígbà tí wọ́n jókòó, Sheen kò bá a jiyàn òṣèlú rárá. Ọ̀rọ̀ Màríà Wúńdíá ló gbé kalẹ̀. Budenz jẹun tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ó tó padà wọlé ní oṣù Kẹwàá 1945. Clare Boothe Luce, obìnrin tó jẹ́ ọmọ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, pàdánù ọmọ kan ṣoṣo tó bí nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1944. Sheen jókòó tì í lọ́pọ̀ ìgbà, ó gbọ́ ìbéèrè rẹ̀, ó gbọ́ ìbínú rẹ̀ sí Ọlọ́run, ó sì kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ Ìjọ títí ó fi wọlé ní 1946. Ohùn orí afẹ́fẹ́ ló sọ Sheen di ẹni mímọ̀. Àga méjì tó dojú kọra ló ṣe ìyókù.

Mi ò ní kí ẹ pa fóònù yín. Póòpù Paul VI kọ ọ́ ní 1975, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjíhìnrere, pé Ìjọ á jẹ̀bi níwájú Olúwa bí kò bá lo àwọn ohun èlò ìgbàlódé. Ìpínrọ̀ nọ́mbà 45 nínú ìwé náà nìyẹn, òun sì ni gbogbo ẹ̀ka ìròyìn máa ń kà sókè. Nọ́mbà 46 tó tẹ̀ lé e gan-an ni wọ́n ń fò. Ibẹ̀ ló ti mẹ́nu ba Nikodémù, Sákéù àti obìnrin ará Samáríà, àwọn tí Jésù bá sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sì yẹ kí àwa Àgùdà mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Kí fádà tó wá fìdí kalẹ̀ ní Èkó ní 1868, Pa Antonio, ọ̀kan nínú àwọn tó ti Brazil padà wálé, ló ń kó ènìyàn jọ fún àdúrà, tó ń ṣèrìbọmi fún ọmọ tó fẹ́ kú, tó sì ń sin òkú.

Nítorí náà, abẹ́ fídíò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ ka gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn kọ fún ọdún kan ààbọ̀ yẹn, títí kan àwọn tó wà nínú àpótí ìkọ̀kọ̀. Ẹ ó rí ẹni tó kọ ọ́ pé, "Fádà, mi ò lọ sí Mísà láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú." Ẹ ó sì rí ohun tí ẹ fi dá a lóhùn: "Àmín" àti àwòrán ọwọ́ méjì. Ẹni tó fẹ́ wọlé ti kan ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó dìde.

Ẹ yan ènìyàn mẹ́rin tí kì í ṣe Fádà, àgbà méjì níbẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ katikísì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀kọ́ Ìjọ. Ẹ pín ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láàárín wọn. Ẹni tó bá kọ̀wé gbọ́dọ̀ rí ìdáhùn kí wákàtí 24 tó pé, nítorí pé tó bá ti di ọjọ́ kẹta, ojú á ti máa tì í pé òun sọ̀rọ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ kí i bó ṣe yẹ kí wọ́n kí i, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n da ojú ewé mẹ́ta katikísíìmù lé e lórí. Èkejì ni kí wọ́n máa bá ẹlòmíràn jiyàn Màríà ní gbangba nígbà tí ẹni tó kọ̀wé ń wò wọ́n. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ló kọ̀wé, kí àgbàlagbà méjì wà nínú ìjíròrò náà, kí òbí rẹ̀ sì mọ̀. Orúkọ àti nọ́mbà àwọn ènìyàn kì í ṣe ohun tí ẹ lè jù sí gbàgede WhatsApp. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà ti 2023 wà níbẹ̀.

Ẹ bi í níbi tó ń gbé. Bó bá wà ní Ìlọrin tàbí ní London, ẹ wá páríìṣì tó sún mọ́ ọn, kí ẹ fúnra yín pe ọ́fíìsì wọn, kí ẹ sì rí ẹnì kan pàtó tó máa dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣáájú Mísà tí á sì jókòó tì í. Ẹ sọ fún ẹni tó kọ̀wé ṣáájú pé ìgbà kan ń bọ̀ tí gbogbo èrò á tò lọ gba Ara Kristi, pé òun kò ní tíì gbà á, pé kí ó jókòó, kò sí ẹni tó máa wò ó. Ọ̀pọ̀ ni kò padà wá mọ́ nítorí ìtìjú ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn.

Bí ẹni tí kò tíì ṣèrìbọmi bá fẹ́ wọlé, ìgbésẹ̀ ni: àkókò ìwádìí, ẹ̀kọ́ ìrìbọmi, ìmúrasílẹ̀ nígbà Lẹ́ǹtì (àkókò àwẹ̀ ṣáájú Àjíǹde), sákírámẹ́ǹtì ní àìsùn Àjíǹde, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ́ tún ń bá a lọ. Ẹ má ṣe bá a ṣe é kánkán. Ẹni tí wọ́n ti fi omi àti orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ṣèrìbọmi fún ní ìjọ Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì, a kì í tún ṣe é fún un. Kí ó wá ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí fádà páríìṣì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ ìyàwó méjì, ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ìgbéyàwó tí wọn kò ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má dáhùn rẹ̀ lábẹ́ fídíò láéláé. Iwájú fádà ni ibi tó yẹ ẹ́, nítorí kò sí méjì tó bára mu.

Ìdáǹdè ní láìfù: rárá. Òfin Ìjọ, kánọ́ọ̀nù 1172, sọ pé fádà kò lè lé ẹ̀mí èṣù jáde lára ẹnikẹ́ni láìní àṣẹ pàtó láti ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù. Àdúrà ìwòsàn tí a gbé sórí tẹlifíṣàn náà wà lábẹ́ ìṣọ́ bíṣọ́ọ̀bù láti ìlànà tí Róòmù gbé jáde ní 2000. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lórí WhatsApp kì í ṣe sákírámẹ́ǹtì, ẹni tó bá sì gba ohùn ìjẹ́wọ́ sílẹ̀ ti rú kánọ́ọ̀nù 1386. Kí ẹ sì yọ nọ́mbà báǹkì kúrò lábẹ́ ìwàásù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bà jẹ́ ń kà á, ó sì ń rò pé iye kan ni wọ́n ń ta àdúrà.

Ní ti ẹ̀rọ, fóònù tí ẹ ní ti tó fún àwòrán. Ohùn ni kí ẹ náwó lé. Ẹ ra máìkì kékeré tí a ń há mọ́ aṣọ, kí ó wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sísàlẹ̀ àgbọ̀n. Ẹ má ṣe gba ohùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo, ó máa ń dún padà. Yàrá kékeré tó ní kọ́tìnì àti àga onítìmùtìmù ló dára. Ẹ pa fáànù, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kókó kan ṣoṣo. Ẹ tún gbé ohùn nìkan jáde fún WhatsApp, nítorí dátà fídíò wọ́n fún ọ̀pọ̀ ìyá àgbà tó fẹ́ gbọ́. Bí ẹ bá kọ Yorùbá sójú fídíò, ẹ fi àmì ohùn sí i.

Ìmúrasílẹ̀ ńkọ́? Sheen máa ń lo bíi 30 wákàtí lórí ọ̀rọ̀ ìdajì wákàtí kan, kò sì mú ìwé lọ́wọ́ tó bá dúró. Ó tún ń lo wákàtí kan lójoojúmọ́ níwájú Sákírámẹ́ǹtì Mímọ́, ìyẹn Ara Kristi. Fádà tó bá ń ronú ohun tó máa sọ lẹ́yìn tí láìfù ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sinmi lọ́jọ́ yẹn.

Kí ẹ tó tún gbé ohunkóhun jáde, ẹ bi Fádà bóyá bíṣọ́ọ̀bù mọ̀ sí ètò náà. Ìlànà yàtọ̀ láti dáyósíìsì (agbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù kan ń bójú tó) kan sí òmíràn, tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé kékeré kan rọ́pò iye èrò tí ẹ ń kà: ta ló kọ̀wé, ta ló dá a lóhùn, ta ló pàdé rẹ̀, ṣé ó ṣì ń wá sí Mísà lẹ́yìn ọdún kan. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, kí Fádà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú nọ́mbà fóònù kan, kí ó sì sọ orúkọ ẹni tó máa gbé e.