Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Fọ́ọ̀mù tí iye ìlà rẹ̀ kò dúró sójú kan

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú wa. Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé, iṣẹ́ fóònù títúnṣe ni mo ń ṣe, mo sì ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo ní kí n bá àwọn ṣe fọ́ọ̀mù tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa fi kọ ẹja tó gbé wá sílẹ̀: irú ẹja, iye apẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀, àti àpótí kékeré kan tí wọn yóò fi àmì sí bí ẹja náà bá jẹ́ yíyan. Ẹlòmíràn a gbé òbòkun nìkan wá; ẹlòmíràn a kó òbòkun, àrọ̀, edé àti akàn pọ̀. Ìlà mẹ́wàá ni mo kọ́kọ́ là síbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tó àwọn tí ọjà wọn pọ̀. Mo wá fi JavaScript ṣe bọ́tìnì “Fi ìlà kún un”, mo sì fi PHP kọ èyí tó wà lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ohun tí fọ́ọ̀mù bá fi ránṣẹ́. Ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan ló ń wọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi àmì [] sẹ́yìn orúkọ àwọn àyè náà, gbogbo ìlà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lóòótọ́, àmọ́ àmì “yíyan” ń bọ́ sórí ẹja tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá kan tiẹ̀ bínú, wọ́n ní òbòkun tútù ni àwọn gbé wá, kí ló dé tí ìwé fi ń pè é ní ẹja yíyan. Níbo ni mo ti ṣì í? Ṣé kí n sì la òpó mẹ́wàá sínú dátábéèsì, ibi tí a ń kó àkọsílẹ̀ pa mọ́ sí, fún àwọn ẹja náà? — Òǹkàwé láti Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN

Bọ́tìnì yín kò jẹ̀bi. Orúkọ tí ẹ fún àwọn àyè inú fọ́ọ̀mù náà ló fa àṣìṣe kìíní, òun náà ló sì fa èkejì.

Nígbà tí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì pé kí fọ́ọ̀mù máa lọ, bíráúsà kì í fi ìlà ránṣẹ́, nítorí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìlà. Orúkọ àyè kọ̀ọ̀kan àti ohun tí a kọ sínú rẹ̀ ni ó ń tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn nínú HTML, èdè tí a fi kọ ojú-ewé náà. Bí àyè mẹ́ta bá ń jẹ́ iru, ẹ̀ẹ̀mẹta ni iru yóò wà nínú ohun tí ó fi ránṣẹ́, kò sì sí èyí tó sọnù lójú ọ̀nà. PHP tó gbà á ló ń fi ìkejì rọ́pò ìkíní, tí ó tún ń fi ìkẹta rọ́pò ìkejì, nítorí pé lọ́dọ̀ tirẹ̀ orúkọ kan kò lè gba ju ohun kan lọ àfi bí àmì [] bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èdè ló ń ṣe báyìí: nínú Flask, tí àwọn tó ń kọ Python ń lò, request.form.getlist yóò kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ fún yín láìsí àmì kankan. Ẹni tó bá ń gba ìmọ̀ràn lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè èdè tí olùdámọ̀ràn náà ń lò.

Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ nípa [], ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Àpótí ìfàmìsí tí a kò bá fi àmì sí kì í fi ohunkóhun ránṣẹ́. Kì í sọ pé “rárá”, ńṣe ló ń dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí á mú ìyá kan tó kọ òbòkun tútù, edé tútù àti àrọ̀ yíyan sí orí ìlà mẹ́ta. iru[] yóò kó nǹkan mẹ́ta dé, PHP yóò sì fún wọn ní nọ́ńbà 0, 1 àti 2. yiyan[] yóò gbé ẹyọ kan ṣoṣo dé, èyí tó jẹ́ ti àrọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 0 ni PHP yóò fún un, torí pé òun ni àkọ́kọ́ tó rí lábẹ́ orúkọ yẹn. Bí kóòdù yín bá wá so 0 pọ̀ mọ́ 0, òbòkun di yíyan, àrọ̀ di tútù. Ó dà bí ìgbà tí àwọn alágbàrù bá tú ẹja gbogbo ọlọ́jà jọ ní èbúté, tí wọ́n kó irú kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n wá ń retí pé kí olúkúlùkù dá tirẹ̀ mọ̀.

Ẹ fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà náà sínú orúkọ gbogbo àyè tó wà lórí ìlà yẹn, títí kan àpótí ìfàmìsí. Ìlà àkọ́kọ́ yóò ní eja[0][iru], eja[0][apere], eja[0][owo] àti eja[0][yiyan]. Èyí tó tẹ̀lé e yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eja[1], bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí sáfà, foreach ($_POST['eja'] as $ila) yóò máa gbé ìlà kan lé yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, tòun ti irú ẹja, apẹ̀rẹ̀ àti owó rẹ̀. Bí isset($ila['yiyan']) bá jẹ́ òótọ́, ẹja yíyan ni. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tútù ni. Àpótí náà lè dákẹ́ bó ṣe wù ú, inú ìlà tirẹ̀ ni yóò ti dákẹ́.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé mi ò fi àmì kankan sára eja àti iru. Lẹ́tà ẹ̀, ọ̀ àti ṣ wa ní ju ọ̀nà kan lọ tí kọ̀ǹpútà lè gbà kọ wọ́n pa mọ́, ojú kò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn, ṣùgbọ́n PHP yóò ka ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sí orúkọ ọ̀tọ̀. Nítorí ìdí kan náà, kò dára kí àwọn ìyá máa fọwọ́ tẹ irú ẹja, kí ẹnì kan kọ “àrọ̀” kí ẹlòmíràn kọ “aro”. Ẹ to irú ẹja sínú àkójọ tí wọn yóò máa yàn nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe gbogbo èyí ni nọ́ńbà tí wọ́n ń fún ìlà tuntun. Wọ́n a ka iye ìlà tó wà lójú-ewé, wọ́n a sì fi iye yẹn ṣe nọ́ńbà. Ká ní ìlà 0, 1 àti 2 wà nílẹ̀, tí oníṣòwò sì pa ìlà 1 rẹ́ nítorí pé ó ti ta edé náà kí ó tó dé ọjà. Ó ku ìlà méjì. Bó bá tún tẹ “Fi ìlà kún un”, ìlà tuntun yóò gba nọ́ńbà 2, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà 2 ti wà lórí àrọ̀. Ọ̀kan yóò bo èkejì mọ́lẹ̀ lórí sáfà, kò sì ní sí ẹni tó mọ ibi tí àrọ̀ náà wọlé sí. Ẹ lo òǹkà kan tó ń gòkè nìkan, tí kì í sọ̀ kalẹ̀ láéláé, ìbáà jẹ́ pé wọ́n pa gbogbo ìlà rẹ́. Àlàfo tó bá wà láàárín nọ́ńbà kò pa PHP lára, kìkì kí ẹ má ti fi for àti count() rìn láti 0 lọ sókè. Foreach ni kí ẹ lò.

Fún ìlà tuntun fúnra rẹ̀, ẹ kọ ìlà kan sínú template ti HTML, àwòṣe tí kì í hàn lójú-ewé, kí JavaScript máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ó sì máa fi nọ́ńbà tó kàn sínú name, sínú id àti sínú for ti label. Bí id bá jọra, ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ “yíyan” ní ìlà karùn-ún yóò rí i pé ìlà kìíní ni àmì lọ. Bó bá jẹ́ pé JavaScript nìkan ni yóò máa dáhùn bọ́tìnì náà, ó gbọ́dọ̀ ní type="button"; bí kò bá ní in, bọ́tìnì tó wà nínú fọ́ọ̀mù a máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni.

Ìlà òfìfo kò yẹ kó di ẹ̀ṣẹ̀. Bí irú ẹja, apẹ̀rẹ̀ àti owó bá ṣófo pátápátá, ẹ fò ó. Bí apá kan bá kún tí apá kan ṣófo, ẹ sọ fún ẹni náà ìlà tí ó jẹ́. Ẹ má ṣe fi empty() yẹ owó wò, nítorí pé "0" jẹ́ òfìfo lójú empty(), bẹ́ẹ̀ ìyá tó fi apẹ̀rẹ̀ kan ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ lè kọ 0 sí owó rẹ̀ kí ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ fi === '' yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí ẹ bá rí àṣìṣe nínú fọ́ọ̀mù kan, ẹ dá ojú-ewé náà padà pẹ̀lú gbogbo ìlà tí ẹni náà kọ, kí ohun tó kọ sì wà nínú wọn, lẹ́yìn tí ẹ ti fi htmlspecialchars, tí kì í jẹ́ kí ohun tí ènìyàn kọ di kóòdù HTML, kọjá lórí wọn. Lójú tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju bọ́tìnì lọ. Ẹni tó ti fi àtàǹpàkò kọ ìlà mẹ́jọ lórí fóònù kékeré, láàárín ariwo ọjà, tí ojú-ewé wá padà sí ìlà kan ṣoṣo tó ṣófo, yóò padà sídìí ìwé àti bírò, kò sì ní jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má gbàgbé àwọn tó ń fi Opera Mini dín dátà kù: sáfà tirẹ̀ ló ń ṣètò ojú-ewé kí ó tó dé fóònù, JavaScript kì í sì í fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ la ìlà mẹ́ta sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí bọ́tìnì ìfìlàkún jẹ́ èyí tí sáfà lè dáhùn: bí JavaScript kò bá sí, fọ́ọ̀mù yóò lọ, yóò sì padà pẹ̀lú ohun tí a ti kọ àti ìlà mẹ́ta mìíràn. Bọ́tìnì irú èyí yóò jẹ́ ìfiránṣẹ́ ní tòótọ́, tó ní name tirẹ̀, JavaScript ni yóò sì dá a dúró níbi tó bá ti wà. Ẹ tò ó sẹ́yìn bọ́tìnì gidi, torí pé bọ́tìnì ìfiránṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kọ́kọ́rọ́ Enter ń tẹ̀.

Ẹ fi òpin sí iye ìlà, kí ẹ sì jẹ́ kí sáfà ló ń kà á. Iye tí bíráúsà bá sọ pé òun kó wá kò ṣeé gbé ara lé, ẹ sì kọ́kọ́ fi is_array wò bóyá eja jẹ́ àkójọ lóòótọ́. PHP ní òpin tirẹ̀ láti ẹ̀dà 5.3.9 tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012, lẹ́yìn tí àwọn kan ti fi hàn ní òpin ọdún 2011 pé ènìyàn lè fi ọ̀pọ̀ yanturu orúkọ dá sáfà dúró gbọnyin. max_input_vars ni orúkọ rẹ̀, 1000 ni wọ́n sì fi í sí. Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá fẹ́ kọ ẹja gbogbo oṣù lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà 250 tó ní àyè mẹ́rin mẹ́rin ti kún un. Èyí tó bá kọjá ibẹ̀ kò ní wọlé, ìkìlọ̀ rẹ̀ yóò sì wà níbi tí akọ̀wé kò lè rí i.

Ní ti òpó mẹ́wàá nínú dátábéèsì, ẹ má ṣe dán an wò. Ẹ ó pàdé ìyá tó ní irú ẹja mọ́kànlá, ẹ ó sì máa wá òbòkun nínú òpó mẹ́wàá nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ mọ iye òbòkun tó wọlé. Tábìlì méjì ni kí ẹ ṣe: ọ̀kan fún ìgbà tí ẹni náà wá, èkejì fún ẹja, tí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ń gbé nọ́ńbà ìgbà náà dání. Ẹ fi beginTransaction àti commit ti PDO, ohun tí PHP fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, dè wọ́n, kí gbogbo rẹ̀ wọlé tàbí kí ìkankan má wọlé.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ìkòròdú ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé kan ni mo ń ṣe pẹ̀lú Django, ohun èlò tí àwọn tó ń kọ Python fi ń ṣe ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Òbí kan lè mú ọmọ kan wá, ẹlòmíràn a mú mẹ́rin. Mo fi JavaScript fi àyè ọmọ kún un, ṣùgbọ́n Django kò ka àwọn ọmọ tí mo fi kún un rárá. — Òǹkàwé láti Ìkòròdú

ÌDÁHÙN

Yàtọ̀ sí PHP, formset ti Django, èyí tó ń kó fọ́ọ̀mù kan náà jọ ní ẹ̀dà púpọ̀, kì í wo ohun tó dé kí ó tó mọ iye rẹ̀; àyè ìkọ̀kọ̀ kan tó ń jẹ́ form-TOTAL_FORMS ni ó ń bi léèrè. Bí ó bá ń ka 1 níbẹ̀, form-0 nìkan ni yóò wò, bí ẹ tilẹ̀ kó form-1 títí dé form-3 wá. Ẹ jẹ́ kí JavaScript máa fi ọ̀kan kún iye náà nígbàkigbà tí ẹ bá fi ọmọ kún un. Fún ẹ̀dà ìlà, formset.empty_form ti wà nílẹ̀. __prefix__ ló wà níbi tí nọ́ńbà yóò wà, iye tí TOTAL_FORMS ní kí ẹ tó fi ọ̀kan kún un ni ẹ ó sì fi rọ́pò rẹ̀.

Níbi pípa ọmọ kan rẹ́, ẹ má ṣe yọ ìlà náà kúrò kí ẹ sì dín TOTAL_FORMS kù, nítorí láti 0 ni Django ti ń kà, ọmọ tó gbẹ̀yìn ni yóò pàdánù àyè rẹ̀. Ẹ fi can_delete=True sí formset náà, kí bọ́tìnì “Yọ ọ́” máa fi àmì sí àpótí DELETE ti ìlà yẹn, kí ó sì fi ìlà náà pamọ́ lójú-ewé. Gbogbo nọ́ńbà yóò wà bí wọ́n ti wà, Django yóò sì mọ ọmọ tí òbí náà yọ.