Ẹ̀rọ Dry Cleaning Tí Kò Ní Páìpù: Ṣé Ìwé Àṣẹ Afẹ́fẹ́ Kàn Wá?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ṣọ́ọ̀bù dry cleaning kan ní Woolwich. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kò ní páìpù tó já síta, a ò sì rí èéfín lára rẹ̀. Ẹni tó tà á fún wa sọ pé ilé iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n ṣe ìwé àṣẹ afẹ́fẹ́ fún, kò kàn wá. Ejẹ́ǹtì kan tún ní àfi ká san £1,800 kí òun wá wọn afẹ́fẹ́ wa. Ti ta ni ká gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire ṣọ́ọ̀bù tuntun. Ẹ má gba ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì.

Láti 2006 ni wọ́n ti ní kí ṣọ́ọ̀bù dry cleaning ní England tọrọ ìwé àṣẹ lọ́wọ́ council, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, nítorí kẹ́míkà tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Part B ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń kun mọ́tò ní ààlà tiwọn: bí kẹ́míkà tí wọ́n ń lò lọ́dún kò bá tó tọ́ọ̀nù kan, kò kàn wọ́n. Dry cleaning kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Bí omi àti ọṣẹ nìkan lẹ bá ń lò, ẹ máa bá tiyín lọ. Bí kẹ́míkà bá ti wọ̀ ọ́, ó kàn yín, yálà perc (perchloroethylene), kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ aṣọ, ni o, yálà hydrocarbon, kẹ́míkà mìíràn tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ máa ń purọ́ pé kò nílò àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ páìpù àti èéfín yìí ti sú mi láti dáhùn. Ta ló sọ fún yín pé èéfín ni wọ́n ń wá? Ooru perc, ìyẹn perc tó ti di afẹ́fẹ́, kò ṣeé fojú rí. Bó tilẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ṣì máa ń gba inú àjà dé yàrá àwọn tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù. IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kà á mọ́ àwọn ohun tó jọ pé wọ́n ń fa àrùn náà. Ẹ̀rọ tó pa dé kì í sì í pa dé títí. Ẹ ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀, àbí ẹ kì í ṣí i? Kóòtù tí ẹ yọ kó tó gbẹ dáadáa, tó ń run lórí hángà, kẹ́míkà ló gbé jáde.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù kan rí tí oníṣọ́ọ̀bù ń bú ẹni tó ń ta kẹ́míkà fún un pé ó ń rẹ́ òun jẹ, pé gálọ́ọ̀nù kì í kún. Mo ní kó ṣí button trap, ibi tí bọ́tìnnì àti pín-ìn-nì máa ń já sí. Pín-ìn-nì kan ló há sábẹ́ rọ́bà ẹnu rẹ̀, òwú aṣọ sì rọ̀gbà yí i ká. Ibẹ̀ ni kẹ́míkà ń gbà jáde, ibẹ̀ lowó bàbá ń gbà fò lọ.

Ohun tí ìwé àṣẹ ń bèèrè ò ju pé kí kẹ́míkà tó ń sọnù yìí mọ níwọ̀n: gíráàmù 20 lórí kílò aṣọ kan tí ẹ bá fọ̀, tí ẹ sì gbẹ. Ká ní ẹ fọ kílò 6,000 lọ́dún, kílò 120 ni kẹ́míkà tó lè sọnù. Lítà perc kan tó kílò 1.62, ìyẹn fi jẹ́ nǹkan bíi lítà 74. Ẹ ó máa wọn aṣọ kó tó wọ ẹ̀rọ, ẹ ó máa kọ kẹ́míkà tí ẹ bù sí i àti èyí tó bá ìdọ̀tí lọ. Ìwé àkọsílẹ̀ yìí ni council máa yẹ̀ wò. Afẹ́fẹ́ wo wá ni ejẹ́ǹtì yín fẹ́ fi £1,800 wọ̀n? Fọ́ọ̀mù tiyín kò gùn, ẹ lè fọwọ́ ara yín kún un. Iye tí ìjọba là kalẹ̀ ní 2017 fún irú ṣọ́ọ̀bù yín jẹ́ £155, yàtọ̀ sí owó ọdọọdún. Ẹ bi council Greenwich, tí Woolwich wà lábẹ́ rẹ̀, bí ó bá ti yí padà.

Ẹ ò sọ bóyá ẹni tó tà á fún yín ní ìwé àṣẹ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń já mi láyà. Bó bá ní in, orúkọ tirẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Rírà tí ẹ ra ṣọ́ọ̀bù kò sọ ọ́ di tiyín. Ẹ̀yin àti òun lẹ jọ máa kọ̀wé sí council kí wọ́n gbé e sórúkọ yín. Bí kò bá ní in, ẹ̀yin lẹ máa tọrọ tuntun, ẹ má sì tan ẹ̀rọ yẹn títí wọ́n á fi fún yín. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni kéèyàn máa ṣiṣẹ́ láìní in, ó sì lè di ẹ̀wọ̀n. Mi ò tíì rí ẹ̀rọ yín o, èmi kì í sì í ṣe lọ́yà. England ni mò ń sọ, àwọn ará Scotland ní ọ̀nà tiwọn.

Ẹ pe ẹni tó tà á fún yín láàárọ̀ ọ̀la, kó tó pààrọ̀ nọ́ńbà.