Ẹ Jẹ́ Kí Bàbá Lọ sí Ìpàdé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí ìyá wa jáde láyé, a mú bàbá wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kúrò ní Oǹdó wá sọ́dọ̀ mi ní Àkúrẹ́. Oúnjẹ kò wọ́n wọn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kì í tán nílé, a sì ní ọlọ́dẹ lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀, wọ́n ń rù, wọn kì í sì í sùn dáadáa. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń tọrọ ni pé kí a jẹ́ kí wọ́n máa lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ wọn ní Oǹdó, níbi tí wọ́n ti jẹ́ akápò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní kò sí ẹni tí a lè fọkàn tán mọ́ láyé yìí. Ṣé ẹgbẹ́ kan ìlera ni? — Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ rí dókítà, nítorí àìsàn mìíràn lè wà nídìí ara tó ń rù.

Ẹgbẹ́ kan ìlera gidigidi. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà kó àbájáde ìwádìí 148 pọ̀, èyí tó kan ènìyàn tó lé ní 308,000, wọ́n sì rí i pé fún àwọn tí àjọṣe wọn pẹ̀lú ènìyàn dán mọ́rán, ìrètí àti wà láàyè fi ìdá 50 nínú 100 ju ti àwọn tí kò ní irú rẹ̀ lọ.

Ìwádìí tó jọ ọ̀rọ̀ bàbá jù lójú tèmi ni ti Sheldon Cohen, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ènìyàn ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní ọdún 1997. Wọ́n kán kòkòrò tí ń fa ọ̀fìnkìn sí imú àwọn 276 tí ara wọn le, tí wọ́n sì fínnúfíndọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n wá yà wọ́n sọ́tọ̀ láti mọ ẹni tí yóò ṣàìsàn. Àwọn tí àjọṣe wọn kò ju oríṣi mẹ́ta lọ wà nínú ewu ọ̀fìnkìn ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ju àwọn tó ní oríṣi mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye ènìyàn tí wọ́n mọ̀ kọ́ ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, bí kò ṣe oríṣi àjọṣe: ọkọ tàbí aya, ọmọ, aládùúgbò, ọmọ ìjọ, ọmọ ẹgbẹ́. Ní Oǹdó, bàbá jẹ́ ọkọ, aládùúgbò àti akápò. Ní Ìjàpọ̀, bàbá àgbà tí a ń fún lóògùn nìkan ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe ohun tí a lè gbé sọnù, nítorí gbogbo wa la ti gbọ́ nípa alájọ tó kó owó ọlọ́jà sá lọ. Ṣùgbọ́n ìfura náà ní ìpalára tirẹ̀. Nígbà tí Ichiro Kawachi, onímọ̀ nípa ìlera aráàlú, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìpínlẹ̀ 39 wò ní Amẹ́ríkà, ikú pọ̀ jù níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ọmọnìkejì àwọn yóò rẹ́ àwọn jẹ bó bá ráyè. (Mo mọ̀ pé ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi wé ara wọn, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyà àti ìṣẹ́ sì lè lọ́wọ́ sí i.) Àwọn tó gbé owó ẹgbẹ́ lé bàbá lọ́wọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá kì í ṣe àjèjì. Bí bàbá bá pa ìpàdé jẹ, wọn yóò béèrè. Bí ohùn wọn bá yí padà tàbí tí ọwọ́ kan bá ń wúwo, àwọn ojúgbà tó ti mọ̀ wọ́n tipẹ́ lè tètè fura sí i, nítorí ó lè jẹ́ àmì rọpárọsẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ẹ wá awakọ̀ tí ẹ mọ̀, kí ẹnì kan nínú ilé tẹ̀ lé wọn ní ìgbà àkọ́kọ́, kí oògùn wà nínú àpò wọn. Bí ẹ̀rù owó bá ń ba ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹgbẹ́ fi owó náà sí báńkì lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí ìwé ìgbowó, ṣùgbọ́n ẹ má gba ipò akápò kúrò lọ́wọ́ bàbá.