Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fọ́mọ mi, ó ṣì ń ṣu sára: ṣé bó ṣe máa wà nìyí?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán dókítà. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 5. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo bí i kò ṣu, ikùn ẹ̀ le bí ìlù, wọ́n ní Hirschsprung ni. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ìfun ẹ̀ síta lára ikùn, nígbà tó pé ọdún kan wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ kejì. Àtìgbà yẹn ló ti ń ṣu sí pátá díẹ̀díẹ̀. Tísà ẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, ìyá ọkọ mi ní mò ń kẹ́ ẹ jù. Ṣé ó máa gbádùn báyìí, ṣé ó lè fẹ́yàwó?

Ìdáhùn: Ẹ káàsán ìyá wa. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ tísà ná, kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí ọmọ 1 nínú 5,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àìsàn ìfun tí wọ́n ń pè ní Hirschsprung yìí, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù. Ìsàlẹ̀ ìfun wọn ò ní àwọn nǹkan tíntìntín tó ń pàṣẹ fún ìfun pé kó ti ìgbẹ́ lọ, ibẹ̀ á kàn fún pọ̀, ìgbẹ́ á dúró sókè ẹ̀ bíi gọ́tà tó dí. Ibi tí ò dáa yẹn la máa ń gé kúrò, ká fa èyí tó dáa wá sísàlẹ̀ ká rán an mọ́ ìdí, àmọ́ ìfun tá a fà wá yẹn, àlejò ló jẹ́ níbẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ìgbẹ́ mú, ọmọ náà sì lè má tètè mọ̀ pé ó ti ń bọ̀.

Ẹ bá mi wo pátá yẹn dáadáa. Tó bá jẹ́ pé ó ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ bí ọbẹ̀, tí kì í ṣu gidi fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, tẹ́ ẹ tẹ ikùn ẹ̀ nísàlẹ̀ lápá òsì tẹ́ ẹ bá nǹkan líle, ìgbẹ́ ló dí síbẹ̀, èyí tó ṣàn ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jáde. Oògùn ìgbẹ́ gbuuru làwọn ìyá máa ń sáré fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, áà, ṣe ló máa dí i pa! Èyí tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ ló nílò. Tó bá sì ń ṣu lemọ́lemọ́, tó ń ṣàn, tí ikùn ẹ̀ rọ̀, ìtọ́jú tìyẹn yàtọ̀. Torí náà ẹ gbé e padà lọ bá àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ yẹn kí wọ́n wò ó kẹ́ ẹ tó fún un ní nǹkan kan, nígbà míì ojú ibi tá a rán ló fún jù.

Nílé, tó bá ti jẹun àárọ̀ àti talẹ́ tán, ẹ gbé e sórí póò bí ìṣẹ́jú 10, kẹ́sẹ̀ ẹ̀ kanlẹ̀, torí oúnjẹ ló máa ń jí ìfun. Ẹ má nà án o. Ẹ fi pátá méjì sínú báàgì sùkúù ẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jùyẹn lọ ni kí ikùn ẹ̀ wú, kára ẹ̀ gbóná, kó máa bì tàbí kó máa ya ìgbẹ́ olómi tó ń rùn burúkú. Bó bá tiẹ̀ ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ má po àgbo kankan, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lóru yẹn gan-an, torí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń pa ọmọ.

Ní ti ọjọ́ iwájú, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń ṣe dáadáa sí i bí wọ́n ṣe ń dàgbà, tó bá fi máa wọ sẹ́kọ́ńdìrì èyí tó pọ̀ jù ti máa ń lọ sílẹ̀. Àwọn kan ṣì máa ń ní in díẹ̀ títí dàgbà, pàápàá àwọn tá a gé ìfun wọn púpọ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń fẹ́yàwó, wọ́n ń bímọ. Ṣùgbọ́n ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀, torí náà lọ́jọ́ tó bá bí tiẹ̀, kẹ́ ẹ̀yin ìyá àgbà máa ṣọ́ ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ yẹn, tí ọjọ́ kan gbáko bá kọjá tí kò ṣu, ẹ gbé e wá.