Ìbéèrè Yín: Ọmọ Tí Wọn Ò Pe Orúkọ Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ni point guard, ẹni tó ń darí eré, nínú ẹgbẹ́ básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òun ló kúrú jù nínú wọn. Àwọn tó ń wá ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá kiri ti wá lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ àwọn ọmọ gíga tó ń sọ bọ́ọ̀lù sápẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ ní kó yáa pa ipò yẹn tì, kóun náà máa sọ tirẹ̀. Lóṣù tó kọjá ẹ dárúkọ Fred VanVleet, point guard kan ní NBA, líìgì básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, pé kò sẹ́gbẹ́ tó yàn án. Báwo ló ṣe wá dé ibi tó dé?
– Ìyá Point Guard

Ẹ kú ọmọ títọ́, Màmá. Ẹ bá mi bẹ Bàbá kí wọ́n fún ọmọ náà láyè díẹ̀ sí i.

Rockford, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí VanVleet lọ́dún 1994. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí wọ́n pa bàbá rẹ̀. Ọlọ́pàá ni ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ wá fẹ́ lẹ́yìn náà, kò sì fàyè gba ọ̀lẹ. Ìdájí ni yóò ti jí Fred àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò wọ ẹ̀wù onírin wúwo sí wọn lọ́rùn, wọn ó máa sáré, wọn ó máa lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn ó tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ girama Auburn ní ìlú rẹ̀. Nígbà tó parí, kì í ṣe àwọn yunifásítì tí gbogbo ayé mọ̀ ló mú un. Wichita State ní Kansas ló lọ.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí Bàbá fetí sí. Ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́, 2013, orí bẹ́ǹṣì ló ti máa ń wọlé. Nínú ìdíje àwọn yunifásítì, wọ́n pàdé Gonzaga, tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ó ku bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kí eré parí, àkókò tí wọ́n fún wọn láti ju bọ́ọ̀lù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ ọmọ tuntun yìí. Ó jù ú láti ọ̀nà jíjìn, àmì mẹ́ta. Wichita State já Gonzaga, wọ́n sì wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù kẹ́yìn nínú ìdíje náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun gan-an ló ń darí eré, wọ́n borí nígbà 35 tẹ̀léra. Yunifásítì Kentucky ló wá dá wọn dúró, 78 sí 76. Ta ló ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn? VanVleet ni. Kò wọlé.

Mo ti wo bọ́ọ̀lù yẹn tó ìgbà ogún. Kì í ṣe torí pé kò wọlé, bí kò ṣe torí pé kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà.

Ọdún 13 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní eré yìí. Mo ní ìwé kan tí n kì í kọ àmì ayò sí, torí àmì ayò ti wà lára pátákó. Ohun tí mò ń kọ síbẹ̀ ni iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ point guard mi lọ́wọ́, àti iye tí a fi ń ṣíwájú nígbà tó jókòó àti nígbà tó dìde. Ẹ mú pẹ́ńsù dání nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ gbá, Màmá. Ẹ ka bọ́ọ̀lù tó sọnù lọ́wọ́ ọmọ yín. Bí àwọn alátakò bá rọ́ lu ẹgbẹ́ wọn, ẹ wo ẹni tí àwọn yòókù ń wá lójú. Bó bá jẹ́ pé òun ni, onìyáàlù ni wọ́n ní yẹn o, kí Bàbá má sọ ọ́ di omele. Jíju bọ́ọ̀lù dára, kó kọ́ ọ, VanVleet náà kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kó má torí rẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀.

Ẹ kọ iye tí ẹ bá kà ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ pé dráfìtì NBA, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń yan ọmọ tuntun, nìkan ni ilẹ̀kùn, ẹ sì tún dárúkọ VanVleet lójú ewé kan náà! Èwo ni ká gbà? Ṣé òótọ́ ni pé ó kọ owó?
– Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì

O mú mi, àbúrò. Mo ṣì í kọ.

Lọ́dún 2016, orúkọ 60 ni wọ́n pè ní dráfìtì, ní ìpele méjì. VanVleet kó ẹbí àti ọ̀rẹ́ jọ sí Rockford, wọ́n ń wò ó. Àwọn ẹgbẹ́ sábà máa ń kọ́kọ́ pe ọmọ lórí fóònù kí wọ́n tó yàn án ní ìpele kejì. Wọ́n pè é lóòótọ́: bó bá gbà láti lọ sí líìgì kékeré fún nǹkan bí 20,000 dọ́là lọ́dún, wọn ó pe orúkọ rẹ̀. Ó ní rárá. Wọn ò sì pè é. Ó gba maikirofóònù níwájú àwọn àlejò rẹ̀, ó ní òun ti fi ara òun ta tẹ́tẹ́.

Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá yàn ní ìpele kejì, ọwọ́ ẹgbẹ́ tó yàn án ló wà, kò lè bá ẹlòmíràn dúnàádúrà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí owó tó dájú fún un. Ẹni tí wọn ò yàn lè wọ ilé tó bá wù ú. Toronto Raptors ló wù ú, níbi tí point guard mẹ́ta ti wà nílẹ̀: Kyle Lowry, Cory Joseph àti Delon Wright. Èmi ì bá sá. Ó gba ipò ìkẹyìn nínú ẹgbẹ́ náà.

Ọdún kẹta rẹ̀, 2019, nǹkan kọ́kọ́ le fún un, bọ́ọ̀lù kò wọlé. Ìyàwó rẹ̀ bímọ ọkùnrin nígbà tí wọ́n ń bá Milwaukee fà á. Nínú eré mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó ju bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta 17, 14 wọlé. Ìyàwó mi ní ẹsẹ̀ ire ni ọmọ náà fi wá, n kò bá a jiyàn. Nígbà tí Raptors gba ife NBA lọ́wọ́ Golden State, àmì 22 ló ní lọ́jọ́ ìkẹyìn, 12 nínú rẹ̀ ní ìdá kẹrin eré náà. Ní 2021 ó ní àmì 54 lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò sí ẹni tí dráfìtì fò tó ní tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Houston ló wá gbà á lọ ní 2023, nǹkan bíi mílíọ̀nù 130 dọ́là fún ọdún mẹ́ta. Ṣé ó kọ owó? Ó kọ 20,000.

Ọ̀rẹ́ mi ń bá mi jiyàn pé VanVleet ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 4. Ẹ bá wa parí ẹ̀.
– Alárìíyànjiyàn

Ọ̀rẹ́ rẹ jẹ gbèsè. Bí ẹsẹ̀ bàtà 6 ló ga mọ. Bó bá sì tún fẹ́ jiyàn nípa gíga, sọ fún un pé Muggsy Bogues, point guard NBA àtijọ́, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 3 lọ, ẹni kejìlá ni wọ́n sì yàn án ní dráfìtì 1987. Lọ́dún 1993 ó fo sókè, ó gbá bọ́ọ̀lù dànù lọ́wọ́ Patrick Ewing, ọkùnrin ẹsẹ̀ bàtà 7.