Ìbéèrè Yín: Láti Tókíò sí Òsákà, Bàálù ni tàbí Rélùwéè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ilé iṣẹ́ wa fẹ́ rán mi lọ sí ilẹ̀ Jàpáànù lóṣù tó ń bọ̀, n ó sì ti Tókíò lọ sí Òsákà. Ẹnìkan ní kí n wọ bàálù, pé wákàtí kan péré ni. Ẹlòmíràn ní rélùwéè wọn tó ń sáré bí àṣá ni kí n wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, adùn wo ló wà nínú ọkọ̀ ojú irin tí ènìyàn yóò fi pa bàálù tì? — Olùkàwé yín, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ wọ rélùwéè. Ẹni tó ń sọ wákàtí kan kò ka ìrìn dé pápákọ̀ òfuurufú àti ìdúró tí ènìyàn yóò dúró níbẹ̀ mọ́ ọn. Àárín ìgboro Tókíò lẹ ó ti wọ Shinkansen, ìyẹn rélùwéè wọn tó ń sáré bí àṣá náà, nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ ni yóò sì fi rin kìlómítà 515 dé Òsákà. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà náà lọ́jọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1964, tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìdíje Òlíńpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní Tókíò, wákàtí mẹ́rin ló ń gbà.

Eré rẹ̀ ń tó kìlómítà 285 ní wákàtí kan, síbẹ̀ ara ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, mo gbé ife tíì ka tábìlì kékeré iwájú mi, mo sì ń ṣọ́ ọ pé yóò dànù; ojú tíì náà kàn ń gbọ̀n fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ni títí mo fi mu ún tán. Ìdí ni pé ojú irin tirẹ̀ dá wà, títì kankan kò dábùú rẹ̀, ó sì fẹ̀ ju ojú irin àtijọ́ wọn lọ, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,067, bákan náà pẹ̀lú èyí tó gba Ìbàdàn yín kọjá lọ sí Kánò. Kì í sì í ṣe orí kan ló ń wọ́ ìyókù: abẹ́ àwọn yàrá ọkọ̀ náà ni ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà káàkiri.

Ẹ ra oúnjẹ inú páálí tí wọ́n ń pè ní ekiben kí ẹ tó wọlé. Ìrẹsì, ẹja yíyan, ẹyin díndín tí wọ́n ká bí ẹní, oníkálukú wà ní ààyè tirẹ̀. Ìrẹsì náà sábà máa ń tútù, n kò sì rí ata níbẹ̀. Ẹni tí kò lè jẹun láìsí ata, kó yáa mú tirẹ̀ dání.

Bí àpótí yín bá tóbi, tí òró, ìbú àti gíga rẹ̀ lápapọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 160 lọ, ẹ tètè gba ààyè sílẹ̀ fún un nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìjókòó E ni kí ẹ sì gbà, lẹ́bàá fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn Tókíò, bí kùrukùru kò bá bò ó, ẹ ó rí òkè Fújì, òkè tí a máa ń gbọ́ pé Àyìndé Barrister rí àwòrán rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú tó fi sọ orin rẹ̀ ní fújì. Ẹ má sùn lásìkò yẹn o, ẹ má sì tẹjú mọ́ fóònù, nítorí ọkọ̀ náà kò ní dúró dè yín.