Owó bọ́ǹdì ti jáde, ṣé Ifẹ̀ ni ká fẹ̀yìntì sí àbí Iléṣà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Tíṣà ni mí l'Ékòó, mo fẹ̀yìntì lọ́dún tó kọjá, owó bọ́ǹdì mi, ìyẹn ẹ̀tọ́ ìfẹ̀yìntì mi lọ́wọ́ ìjọba, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Rẹ́ǹtì Èkó ti fẹ́ jẹ pẹ́ńṣàn wa tán. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà lọkọ mi, ẹni ọdún 68, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mi ò fẹ́ abúlé o, ibi tí ọsibítù àti iná wà, tí èèyàn á sì máa rí nǹkan wò, ni mo fẹ́. Ẹnì kan fẹ́ ta pulọ́ọ̀tì méjì fún wa lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, ó ní pọ́ọ́kú ni. Ṣé ká rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìsinmi mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Mi ò sọ pé ilẹ̀ náà ò dáa o, mi ò rí i, ṣùgbọ́n nídìí iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ tí mò ń ṣe n'Ífẹ̀ níbí, nǹkan tó ń dùn mí jù ni kí tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì gba owó tó fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún, kó dà á sórí ilẹ̀, kó kọ́lé dé líntẹ̀lì, kówó tán, kó wá kó wọnú ilé tí ò ní fèrèsé. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ǹtì fọ́dún kan. Kí òjò kan pa yín níbẹ̀, kí ọyẹ́ kan fẹ́ lù yín, ẹ ó ti mọ̀ bóyá ibẹ̀ gbà yín.

Tẹ́ẹ bá ń wá àdúgbò, ọsibítù ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ wò, torí ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá. N'Ífẹ̀, Teaching Hospital wà lójú ọ̀nà Iléṣà, Ádífẹ́ntì náà sì wà. Ní Iléṣà, Wésílì wà, abẹ́ Teaching Hospital yẹn kan náà sì ni Wésílì wà, nítorí náà ìlú méjèèjì ò burú. Àmọ́ ẹ má gba ẹnu ẹ́jẹ́ǹtì gbọ́ pé "ò jìnnà": ẹ lọ síbẹ̀ ní agogo mẹ́wàá alẹ́, kẹ́ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ìyẹn lẹ̀rù ilẹ̀ ojú ọ̀nà tí wọ́n ń tà fún yín ṣe ń bà mí, ó pọ́ọ́kú torí kò tíì séèyàn níbẹ̀, tí ara Bàbá bá sì yí padà lóru, ta lẹ máa ké sí?

Ní ti rẹ́ǹtì, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé owó ilé sókè n'Ífẹ̀. Asherifa, Damico, gbogbo ibi tó sún mọ́ géètì yunifásítì OAU, ẹ fi sílẹ̀, ariwo ibẹ̀ gan-an ò ní jẹ́ kí Bàbá sùn. Iléṣà sábà máa ń rọrùn ju ìyẹn lọ, ó tún parọ́rọ́, ṣùgbọ́n College of Education ibẹ̀ náà ti di yunifásítì báyìí, ẹ má rò pé owó ilé á dúró sójú kan.

Omi ńkọ́? Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa níhìn-ín, wọ́n lè gbẹ́ borehole nílé kan kó dáa, kí ti ẹnìkejì má mú omi rárá. Oṣù kejì sí ìkẹta ni kẹ́ẹ wá yọjú wo kànga, kì í ṣe ìgbà òjò. Àwọn tó ń wa góòlù pọ̀ ní àwọn abúlé kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tẹ́ẹ bá sún mọ́ irú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ omi wò ní láàbù kẹ́ẹ tó mu ún. Tó bá kan iná, ẹ bi aládùúgbò pé báǹdì wo ni wọ́n wà, ìyẹn ìpele tí iléeṣẹ́ iná pín àdúgbò sí: Báǹdì A yẹ kó rí wákàtí 20 lójúmọ́ ṣùgbọ́n yúníìtì ẹ̀ wọ́n gan-an, B tó jẹ́ wákàtí 16 lè bá pẹ́ńṣàn yín mu ju.

Nǹkan wíwò ni Ifẹ̀ fi borí lójú tèmi. Èèyàn lè jáde láàárọ̀ lọ sí mùsíọ̀mù l'Ẹ́nuwá níwájú ààfin, kò jìnnà rárá sí agboolé Wúnmọníjẹ̀ tí wọ́n ti hú àwọn orí idẹ ayé àtijọ́ tó lókìkí yẹn lọ́dún 1938, kó kọjá síbi Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, kó sì lọ wo eré lọ́gbà yunifásítì nírọ̀lẹ́. Ọdún ìbílẹ̀ Ọlọ́jọ́ ń bẹ, ọdún Edì ń bẹ. Iléṣà ní ọdún ìbílẹ̀ Ìwúde lópin ọdún, omi Olúmirìn tó ń já bọ́ látorí àpáta ní Ẹ̀rìn Ìjẹ̀ṣà ò sì jìnnà, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀, ẹ má jẹ́ kí Bàbá gùn ún tán.

Tọ́dún bá pé tẹ́ẹ ṣì fẹ́ ra ilẹ̀, olórí ẹbí fúnra ẹ̀ àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé, tí olórí ẹbí ò bá sí níbẹ̀, òfo ni lójú òfin. Ẹ gbé sọ̀fíyè ẹ̀ lọ sí Òṣogbo kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà fún lílò ara ẹ̀.

Nǹkan kan tẹ́ẹ ò sọ rèé: ṣé Bàbá ò ní yàrá nílé ìdílé wọn ní Iléṣà ni? Mo ti rí àwọn tó tún yàrá méjì ṣe, tí wọ́n fa omi wọlé, owó tó ná wọn ò sì tó ti pulọ́ọ̀tì kan. Ẹ jọ bi àwọn ẹbí nípa ìyẹn ná, kẹ́ẹ tó pe ẹni tó ń ta ilẹ̀ yẹn padà.